Ọwọ́ Òsì Asabe

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀kítóbà ọdún 1989, Asabe rí ojú ìyá rẹ̀ tó ti kú lára ògiri kan nítòsí Post Office n'Ílọrin. Lẹ́tà ló fẹ́ lọ fi ránṣẹ́. Pósítà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, àwòrán arúgbó kan tó bẹ̀rẹ̀ tó ń mọ ìkòkò sì wà nínú rẹ̀. Asabe fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán náà. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ló ti kọ́ ìwé, kì í ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó gbà á gbọ́. Orúkọ Hidayat, ìyàwó kejì ọkọ rẹ̀, ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé òun ni ayàwòrán.

Láti oṣù keje ni Gàní ọkọ rẹ̀ ti kó àwòrán mẹ́rìnlá kúrò ní yàrá rẹ̀. Ó ní káfíńtà fẹ́ fi igi sí wọn létí. Nígbàkigbà tí Asabe bá bèèrè, èsì kan náà ni: "Káfíńtà ò tíì ṣe tán." Káfíńtà wo ló ń lo oṣù mẹ́ta lórí pákó mẹ́rìnlá? Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ti gbà pé ọkọ òun kò lè purọ́ fún òun kì í ka oṣù.

Lẹ́tà ò ṣeé fi ránṣẹ́ mọ́. Asabe wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ àwòrán tí pósítà júwe, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì rí àwọn àwòrán rẹ̀ papọ̀ rí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń wà, ọ̀kan lórí èkejì. Wàyí o, wọ́n wà lára ògiri funfun, iná mọ́lẹ̀ sí wọn lára, àwọn èèyàn sì ń sún mọ́ wọn, wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń mi orí. Inú rẹ̀ dùn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló rí Hidayat láàárín wọn, nínú léèsì aláwọ̀ ewé, tó ń sọ òyìnbó.

"Hidayat."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Hidayat kò tètè kú. "Ha, Ìyá Naimat. Ẹ káàbọ̀. Ta ló júwe ibí fún yín?"

"Ìyá mi ni. Mo bá a lára ògiri níta."

Gàní ti sáré dé. "Asabe, rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ńlá wà níbí."

"Bàbá Naimat, ṣé ibí ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà?"

Gàní wo ilẹ̀. Hidayat ni kò wolẹ̀. Ó sún mọ́ ìyáálé rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

"Ìyá Naimat, ẹ wo ara yín. Bí wọ́n bá ní kí ayàwòrán dìde sọ̀rọ̀, òyìnbó wo lẹ fẹ́ sọ? Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ó fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣan ìdí mú un lójú gbogbo ayé. Àṣírí yín ni mo bò."

"Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣan ìdí náà lo fi ń ṣe fáàrí yìí. Olè ojúkojú."

Bùkọ́lá, obìnrin tó ni gbọ̀ngàn náà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wá. Ó ní ta ni ìyá yìí. Hidayat mí kanlẹ̀. "Ìyáálé mi ni, mà. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni orí wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ pé."

Ẹ wo ẹnu tó ń jẹ oúnjẹ Asabe. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Adéwọlé, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń dá ọbẹ̀ sí.

Bùkọ́lá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fa Asabe sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Màmá, ẹ mú ẹ̀rí wá. Mọ́ńdè la ó palẹ̀ mọ́, tí àwọn tó ra àwòrán á wá kó tiwọn. Èyí tí ẹ ń wò yẹn, ẹnjiníà òyìnbó kan ti rà á, ó sì ń padà sí ìlú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá ti gbé e lọ, mi ò lè gbà á padà."

"Ìyá mi nìyẹn," ni Asabe wí. "Kò sí ibòmíì tí mo ti lè rí ojú ẹ̀ mọ́."

Kí ló dé tí Asabe fi ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1955, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, Àfáà Jímọ́ọ̀, tó padà wá di bàbá ọkọ rẹ̀, ni olùkọ́ rẹ̀ nílé-kéwú. Àfáà fi okùn de ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fún ọjọ́ mọ́kàndínlógójì, kó lè fi ọ̀tún kọ wàláà bí ọmọ Mùsùlùmí. Ọ̀tún kọ́ ìwé, ọ̀tún kọ́ oúnjẹ. Àwòrán nìkan ni ọ̀tún kò kọ́. Ṣùgbọ́n ní Òkèlele, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń mọ ìkòkò, ìyá náà a máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ òsì, á ní kó ya ohun tó bá wù ú sára amọ̀ tútù. "Yà á, ìwọ ọmọ yìí. Ìkòkò ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún." Ọdún 1984 ni ìyá náà kú. Láti ìgbà náà ni Asabe ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń fi òsì ya ohun tó rántí.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá Àfáà Jímọ́ọ̀ ní agbo ilé. Ó jókòó lórí awọ àgbò, tèsùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, owú ni," ni Gàní bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n fẹ́ mú Hidayat lọ sí Zaria fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà nítorí àwọn àwòrán yìí. Asabe ò fẹ́ kí ìyàwó kékeré gòkè."

"Owú kẹ̀?" ni Asabe wí. "Gàní, ìwọ lo ń bá mi ra ọ̀dà. Ìwọ lo ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pé kí Naimat má wọlé bá mi. Wò mí lójú, kó o sọ pé èmi kọ́ ni mo yà á."

Gàní kò wò ó lójú.

"Ẹ gbé Àlùkùránì wá," ni Hidayat wí. "N ó búra. Bí kì í bá ṣe èmi ni mo ya àwòrán yẹn, kí Ọlọ́run..."

"Pa ẹnu mọ́." Ohùn Àfáà kò lọ sókè. "A kì í fi Àlùkùránì dán nǹkan wò. Asabe, kí ni ẹ̀rí rẹ?"

"Ẹ wá wo àwọn àwòrán náà, Bàbá."

"Èmi kì í wo àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣe sùúrù."

Asabe ti ṣe sùúrù láti ọdún 1955. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Tòsì tèmi lẹ dè mọ́ mi lẹ́yìn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ni, mo kà á. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ya gbogbo ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá iṣẹ́ ẹ̀ mọ̀ bíi tiyín, torí kò sí ẹni tó nà án tó yín."

Àfáà fa ọmọ tèsùbáà kan. Kò fa èkejì. "Ẹ máa lọ. Ó dọ̀la."

"Ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ, Bàbá."

"Mo ní ó dọ̀la."

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè, Asabe ti wà ní gbọ̀ngàn. Àfáà kò wá. Ẹnjiníà dé ní aago mẹ́wàá, ó ní ọkọ̀ òfuurufú kò ní í dúró de òun. Bùkọ́lá wo Asabe. Asabe wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé àwòrán náà, wọ́n fi okùn dì í. Hidayat ló bá wọn tẹ ìka sórí okùn kí wọ́n lè ta kókó, ẹnjiníà sì gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìrun àìlá ni takisí kan dúró níta. Àfáà Jímọ́ọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Gàní rí bàbá rẹ̀ nínú ilé àwòrán, ó sún sẹ́yìn.

Àfáà wọ awò ojú. Ó rìn láti ìdí àwòrán kan dé ìdí èkejì. Ó fi ojú súnmọ́ wọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe, ó yíjú padà.

"Ta ló ya ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Hidayat dáhùn.

"Ọwọ́ wo lo fi yà á?"

"Ọ̀tún ni, Bàbá. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, èmi kì í fi òsì ṣe nǹkan."

Ẹnu rẹ̀ ló fi gbẹ́ kòtò, òun náà ló sì já sí i.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń wo ọmọ lórí wàláà," ni Àfáà wí. "Ọ̀tún a máa fa ìlà wálẹ̀ láti apá ọ̀tún bọ̀ sápá òsì. Gbogbo ìlà tó wà lára ìwọ̀nyí, òdìkejì ni. Mo ti na ọmọ mẹ́rin lórí ẹ̀. Asabe, mú búrọ́ọ̀ṣì."

Asabe mú un. Nítorí pé Àfáà wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú un.

"Kì í ṣe ìyẹn," ni Àfáà wí. "Fi òsì."

Asabe fi òsì fa ìlà mélòó kan sórí páálí, ẹ̀yìn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò sì jáde. Bùkọ́lá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà lára ògiri. Ọwọ́ kan náà ni. Wọ́n fún Hidayat ní páálí tirẹ̀. Ohun tó yà gbọ̀n láti ìdí dé orí.

"Ìkòkò lèyí àbí ewúrẹ́?" ni ẹnì kan bèèrè lẹ́yìn.

Gàní dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí."

"Èmi kọ́ lo jà lólè. Yí orí síbi tó yẹ."

Bùkọ́lá yọ orúkọ Hidayat kúrò lábẹ́ gbogbo àwòrán lójú rẹ̀. Ìrìn-àjò Zaria bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Adéwọlé, àwọn ará ilé rẹ̀ ò sì jẹ́ kó sọ ìdí fún àlejò. Ní ti Gàní, títí ó fi fẹ̀yìn tì, Káfíńtà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ náà, kí Àfáà tó wọ takisí, ó dúró ti Asabe. "Ká ní mo wá láàárọ̀..."

"Ẹ ti wá, Bàbá," ni Asabe wí.

Bùkọ́lá kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ẹnjiníà náà. Méjì padà wá, kò sí èsì fún ìkẹta. Asabe gbìyànjú láti tún àwòrán náà yà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ jáde, ọwọ́ rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ kò jáde.

Àwòrán mẹ́tàlá ló padà sílé. Ìkẹrìnlá kò padà, ìyá Asabe kò sì ya fọ́tò rí láyé rẹ̀.