Ààrò Baba Búrẹ́dì àti Owó Orí Èéfín

Ẹni tó bá gba ojúlé Baba Búrẹ́dì kọjá láàárọ̀, imú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kò sí òórùn kankan. Láti ìjẹta ni wọ́n ti pa iná ààrò kó lè tutù, torí ààrò gbígbóná kò ṣeé wó. Bíríkìlà sì ti dé pẹ̀lú òòlù ńlá.

Baba Búrẹ́dì ò lè wò ó. Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló mọ ààrò náà, Baba Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé bíríkì fún un nígbà yẹn.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpò fúláwà, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ẹ jẹ́ ká bèèrè lọ́wọ́ ẹnìkan ná," ló wí.

"Kí la tún fẹ́ bèèrè? Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ lórí rédíò. Àwọn aṣòfin ti ka owó orí èéfín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ń dáná igi ti wọ gàù. Kí wọ́n tó wá tì mí mọ́lé, ẹ jẹ́ kí n wó o fúnra mi."

Bíríkìlà tutọ́ sọ́wọ́, ó di òòlù mú. Ìgbà yẹn ni àbúrò ìyàwó wọlé, ó rò pé òun á rí búrẹ́dì rà. Akọ̀wé ni nílé aṣòfin. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ wó?"

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó gba òòlù lọ́wọ́ bíríkìlà, ó gbé e sílẹ̀.

"Kò tíì di òfin o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń ka àbádòfin. Ti àkọ́kọ́, wọ́n kàn kéde rẹ̀ ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n jiyàn lórí ẹ̀, wọ́n sì gbé e fún ìgbìmọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n máa tó fọwọ́ sí i. Iyàn ọ̀hún le débi pé ọwọ́ ń dùn mí títí di ìsinsìnyí."

"Ta wá ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí?" Baba Búrẹ́dì bèèrè.

"Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí èéfín wọn ń dá kún ooru tó ń mú gbogbo wa. Wọ́n ní kò kan iṣẹ́ kékeré, àmọ́ wọn ò sọ bó ṣe máa kéré tó. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́. Lọ́jọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú. Ẹni tí ò bá lè wá, kó kọ lẹ́tà."

"Èmi, kí n máa bá aṣòfin sọ̀rọ̀? Pẹ̀lú fúláwà lórí?"

"Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù kẹ́ ẹ tó wọlé."

Baba Búrẹ́dì mí kanlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀, omi sì lé sójú ẹ̀.

Bíríkìlà ò pàdánù iṣẹ́: ó fi amọ̀ dí ibi tó sán lára ààrò, wọ́n sì dáná padà lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́bọ̀, Baba Búrẹ́dì dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó sọ iye igi tó ń fi dáná lójúmọ́, ó ní tí wọ́n bá lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń mọ ààrò tí èéfín rẹ̀ kéré, òun á mọ ọ́n. Nígbà tí ìwé ìgbìmọ̀ jáde, ó ti wà níbẹ̀ kedere pé owó orí náà kò kan ààrò bíi tiẹ̀. Ó ku kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ń fọkàn balẹ̀ retí rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ bá gbọ́ nípa àbádòfin, ẹ bèèrè ibi tó dé àti ẹni tó kàn. Bí wọ́n bá ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀, àyè yín ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín wó ohun tí òfin kankan ò tíì ní kẹ́ ẹ wó.