Orúkọ Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn

Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni Lowell fọwọ́ kàn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé olùkọ́ orin rẹ̀ ní Pune, nílẹ̀ Íńdíà.

Òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń ṣe orin ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó rí gbọọrọ bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká máńgòrò. Ó gun àtẹ̀gùn dókè, ó bá obìnrin kan lórí ẹní tó ń fi ìka fa okùn tanpura lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn mẹ́rin péré ló wà lára rẹ̀, akèrègbè ńlá ló wà nídìí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń kùn bí agbo oyin tó wà nínú ilé. Lowell dúró gbagidi. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì kan ẹsẹ̀ obìnrin náà, bí wọ́n ṣe ń kí olùkọ́ níbẹ̀.

"Olùkọ́," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

"Ẹ dìde níbẹ̀," ni Vatsala dáhùn. "Olùkọ́ wà ní balùwẹ̀, ó ń fọ eyín. Àbúrò rẹ̀ ni mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tó bá ń kọrin."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Madhav, olórin tí gbogbo ìlú ń wárí fún, ti yọ sí wọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó rí ẹni tí wọ́n ń wárí fún. Ọjọ́ náà ni inú ti ń bí i.

Orin tó sọ Lowell di olókìkí nílùú rẹ̀ kò ju ohùn mẹ́ta lọ. Wọn a máa yí i po, yí i po, fún wákàtí méjì, bí akọ màlúù tó ń fa ọlọ tí wọ́n fi ń fún epo. Nígbà tó yá, orin náà sú òun tó ni ín.

"Ẹ fojú inú wò ó," ó sọ fún Vatsala, "èèyàn ń jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo fún ogún ọdún, aráàlú sì ń tò síta láti wá wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́."

Vatsala rẹ́rìn-ín débi tí tíì fi dà sí i láṣọ.

Madhav ló ń kọ́ Lowell lórin, ṣùgbọ́n Vatsala ló ń kọ́ ọ létí. Ó fi fọ́nrán òwú kan sábẹ́ okùn tanpura, níbi tí okùn ti gun orí afárá kékeré tí wọ́n fi eyín erin ṣe.

"Tẹ́ ẹ bá tì í síwájú díẹ̀ báyìí, okùn á sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá tì í jù, á yadi. Ẹ má kánjú."

Oṣù mẹ́rin ni Lowell fi ti òwú. Ọjọ́ tó tì í débi tó yẹ, ó gbọ́ ogún ohùn nínú ohùn kan, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orin tó ń kọ ti yí padà. Kò sáré yípo mọ́. Ó dúró sójú kan, ó ń ṣí bí òdòdó. Àwọn akọ̀wé ìwé ìròyìn nílùú rẹ̀ ní bàbá náà ti ṣàwárí ohun tuntun lọ́jọ́ ogbó.

"Ṣàwárí?" ni Vatsala wí. "Ohun tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí sùn?"

"Mo sọ fún wọn, Vatsala-tai. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ẹ yé fi 'tai' pè mí ní àǹtí mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi jù mí lọ. Mo lórúkọ."

Lowell pè é. "Vatsala." Ó pè é pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti òwú sábẹ́ okùn, títí tó fi bọ́ sójú ẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí ọkọ Vatsala ti kú, láti ìgbà náà, "àǹtí", "ìyá Hemant" àti "ìwọ tó o wà lẹ́yìn yẹn" ni wọ́n ń pè é. Ó ní kó tún orúkọ náà pè. Ìfẹ́ ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Lọ́dún kẹta, Lowell kọ orin ńlá kan sílẹ̀. Madhav ni yóò fẹnu kọ ọ́, àwọn onífáyólíìnì márùn-ún á tẹ̀ lé e, Vatsala á sì fa tanpura. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ ṣe é, Vatsala ró sárì aláwọ̀ ewé, ó fi òdòdó sírun, ó mú ìwé orúkọ àwọn òṣèré lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Orúkọ Lowell wà níbẹ̀. Ti Madhav wà níbẹ̀, gàgàrà. Ti àwọn onífáyólíìnì pé. Orúkọ ẹni tó yá wọn ní kápẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ti ẹni tó se tíì wà níbẹ̀. Ó yí ìwé padà: ìpolówó ìpara orúnkún ló wà lẹ́yìn.

Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbì kankan.

Ó lọ jókòó. Ó fa okùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìbínú ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé jókòó. Ó ti fa tanpura pẹ̀lú ibà lára. Ó ti fà á lọ́jọ́ kẹrìnlá tí ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn ọkùnrin ti rin orí ohùn yẹn dé ibi gíga, kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Ó rọra fi tanpura lélẹ̀, ó dìde, ó sì kúrò lórí ìtàgé.

Onítanpura kì í dìde, torí ohùn tanpura ló ń di ohùn olórin mú sójú kan. Bí òrùlé ń jò, kì í dìde. Ohùn Madhav bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Àwọn onífáyólíìnì sáré tẹ̀ lé ewúrẹ́ náà wọ oko olóko. Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wá bàtà wọn.

Lowell sáré bá a lẹ́yìn ìtàgé. "Vatsala, kí ló dé?"

"Má pe orúkọ yẹn. Ẹnu rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ ò mọ̀ ọ́n. Alásè tíì lo kà sí èèyàn. Ṣé ìfẹ́ tó o ní sí mi ò gba ìlà kan lórí bébà?"

Lowell wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó yọ bébà kan tó ti rún lápò, ó nà án sí i. Àdàkọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ni; wọ́n dá a padà láàárọ̀ yẹn, kò sì tíì tú u wò. Ìlà àkọ́kọ́ gan-an: *Vatsala Joglekar, tanpura. Òun ló kọ́ mi láti gbọ́ràn.* Ẹnì kan ti fi gègé pupa fà á kọjá.

Vatsala mọ gègé náà. Ẹni tó ni ín ló ń wọlé bọ̀, tó ń làágùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fi gègé pa mí."

"Kí ni kí n ṣe?" ni Madhav wí. "Orúkọ obìnrin pẹ̀lú tọkùnrin lórí ìwé kan, káàdì ìgbéyàwó nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ti ń sọ ọ́. Àti pé ọmọ ẹ̀kọ́ mi ni bàbá yìí. Ọmọ ẹ̀kọ́ di ọmọ. Àǹtí rẹ̀ lo jẹ́, Vatsala. Ta ló ń fẹ́ àǹtí ara rẹ̀?"

Lowell ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Olùkọ́, òwú pupa dà?"

Òwú pupa tí olùkọ́ máa ń so mọ́ ọwọ́ ẹni tó bá gbà sílé gẹ́gẹ́ bí ọmọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lowell ti bẹ Madhav pé kó so ó mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni olùkọ́ ní kó dúró ná, kó kọ́kọ́ ṣètò bí òun á ṣe kọrin ní New York.

"Ẹ ò so mí," ni Lowell wí. "Àlejò tó ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ni mí. Kò sí àǹtí tí mo ní ní Pune."

Vatsala fẹ́ bínú síwájú sí i, ẹ̀rín ló gbà á lẹ́nu.

"Vatsu, àwọn èèyàn ń dúró," ni Madhav bẹ̀ ẹ́. "Tó o bá lọ fẹ́ ẹ, ta ni yóò máa jókòó lẹ́yìn mi?"

"Apótí kan wà lọ́jà tó ń ṣe tanpura. Bátìrì ló ń jẹ, kò sì lórúkọ. Ẹ ra ìyẹn."

"Mi ò lè kọrin pẹ̀lú apótí."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wà níta."

Madhav jáde lọ, ó sì sọ ọ́ sínú gbohùngbohùn, ó pe orúkọ Vatsala lódindi. Vatsala mu ife tíì kan tán ná kó tó jáde.

"Èmi náà jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀," ó sọ fún Lowell lẹ́nu ọ̀nà.

"Tẹ́ ẹ bá ń san gbèsè yẹn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ti òwú, á dún dáadáa, olólùfẹ́ mi. Ẹ má kánjú."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, káàdì ìgbéyàwó wọn jáde. Orúkọ Vatsala ló ṣáájú, ti Lowell tẹ̀ lé e. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò kọrin lọ́jọ́ náà, ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun kò ní jókòó lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n òun mọ́ láéláé, àfi tí ẹ̀gbọ́n òun bá kọ́kọ́ jókòó lẹ́yìn òun lẹ́ẹ̀kan.

Madhav gbé káàdì sún mọ́ ojú, ó wá ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n kọ *Tanpura: Madhav* sí.

"Lẹ́tà yìí mà kéré o, Vatsu."

"Ó kéré, Ẹ̀gbọ́n," ni Vatsala wí, ó sì gbé tanpura lé e lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."