Òróró Jíà Tí Kò Pé

"Bọ́ sẹ́yìn, kó má ta sí ọ láṣọ!" Tìjání ké láti abẹ́ ọkọ̀. Bó ṣe tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, òróró jíà àtijọ́ dà ṣọ̀ọ̀ sínú abọ́, ó dúdú, ó ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná. Jàríátù ọmọ rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀la ni ìdánwò BEPC, èyí tí wọ́n fi ń parí girama kékeré, ní Sokodé. Láti àárọ̀ ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Bó ṣe ń jókòó ló ń dìde, bó ṣe ń ṣí ìwé ló ń pa á dé.

Gbogbo ìlú Kambolé ló mọ ọkọ̀ Tìjání, nítorí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà. Dókítà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún un ní Sokodé, òun náà ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọdún ìyanṣẹ́lódì ni. Wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, ẹsáǹsì, epo ọkọ̀, ti di góòlù, ọkọ̀ èrò kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lójú ọ̀nà mọ́. Bí Jàríátù kò bá bá ọkọ̀ baba rẹ̀ lọ, kò ní dé Sokodé.

Nígbà tí Tìjání fọ asẹ́ tó sì dí abẹ́ jíà padà, ó nawọ́ sí àwọn agolo òróró tuntun, tó pupa bí omi ìṣápá.

"Gbọ́ mi dáadáa. Mò ń lọ síbi ìsìnkú baba Àṣírù aládùúgbò wa. Da òróró yìí síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣíná ọkọ̀ kó gbóná. Tẹ bíréèkì, gbé ọ̀pá jíà yí gbogbo ipò rẹ̀ ká, kí o dá a padà sí P, ipò ìdúró. Ìgbà náà ni kí o fa irin ìwọ̀n òróró yọ, nù ún, tún tì í bọ ihò rẹ̀, kí o tún fà á yọ wò. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ o! Bí o bá pa á, òróró tó wà lókè á ṣàn wálẹ̀, á máa tàn ọ́ jẹ pé ó kún."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Gbígbọ́ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ó da agolo díẹ̀ síbẹ̀, ó ṣíná ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná tán tí Sàúdátù ìyá rẹ̀ fi yọ láti ilé ìdáná. Ní àdúgbò wọn, apà ni ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Kódà bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́, awakọ̀ wọn a pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ a máa yí lọ.

"Jàríátù! Ṣé ẹsáǹsì tí ẹ ó fi dé Sokodé lo ń jó dànù yẹn? Pa á!"

"Ìyá, Bàbá ní kí n..."

"Ṣé Bàbá rẹ ló máa tì í dé Sokodé ni? Pa á, mo ní!"

Ó yẹ kó ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìtàn kan wà nínú ìwé tí kò tíì yé e, ara rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà àtisá lọ síbẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó fa irin yọ, ó rí i pé òróró ti dé àmì òkè. "Ó ti kún," ló wí. Ó ti agolo méjì tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sá wọlé.

Nígbà tí Tìjání dé, ó bi í pé, "Ṣé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí o wò ó?"

Òtítọ́ dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Bó bá sọ ọ́, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

Baba rẹ̀ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú tì í.

Ní ìdájí, wọ́n gbéra. Ní Tchamba, wọ́n gbé Folúkẹ́, ọmọ Májẹ́kódùnmí káfíńtà, tí òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò. Folúkẹ́ ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Jàríátù ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ti fò díẹ̀, á yíjú wo baba rẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké tantan, ọkọ̀ kò sì lọ mọ́. Tìjání sọ̀ kalẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò jò.

"Jíà ló fẹ́ kú yìí," ló wí. "Ọkọ̀ tí mo fi ń bọ́ yín! Ẹ jẹ́ n tún tẹ̀ ẹ́ gidi, bóyá á fi agbára gun òkè."

"Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́!" Omi ti lé ròrò sójú Jàríátù. "Òróró ni kò tó. Mo pa ẹ́ńjìnnì kí n tó wò ó. Mo parọ́ fún yín."

Folúkẹ́ yíjú sí i, ó tún wo oòrùn tó ń yọ. Èyí dun Jàríátù ju ìbúni lọ.

"Òróró tó kù ńkọ́?" Tìjání bèèrè.

"Ó wà nílé."

Wọ́n dúró, oòrùn ń gòkè. Níkẹyìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ru iṣu dé.

"Baba, ẹnì kan péré ni àyè gbà níwájú," awakọ̀ wí. "Àwọn ọlọ́pàá jàǹdáámù tó wà ní bàrìyẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà ò gbà kéèyàn gun orí ẹrù mọ́."

Tìjání wo ọmọ rẹ̀, ó la ẹnu. Jàríátù mọ ohun tí baba fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré wọnú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó gba báàgì Folúkẹ́, ó jù ú síwájú awakọ̀.

"Máa lọ. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tìrẹ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Folúkẹ́, máa lọ! Àkókò ń lọ!"

Ọkọ̀ mìíràn kò kọjá títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n ti pín ìwé ìdánwò tipẹ́. Jàríátù jókòó sórí koríko, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ọdún kan gbáko, Bàbá. Ẹ bá mi wí."

Tìjání jókòó tì í. "Ohun tí mo lè wí, ọ̀nà ti wí i fún ọ. Ṣùgbọ́n ká ní o tún dákẹ́ nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni, ọkọ̀ yìí ì bá ti bàjẹ́, n kì bá sì rí ohun tí màá fi rán ọ padà sílé-ẹ̀kọ́."

Folúkẹ́ yege. Jàríátù tún kíláàsì kan náà kà pẹ̀lú àwọn tó kéré sí i. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Jàríátù kò tilẹ̀ ju òru kan lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìwàǹwára ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé lé yín lọ́wọ́. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ ṣe é kù, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà nítòsí, nítorí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú yín.