Àgbàdo Bọ́sẹ̀ àti Òjò Oṣù Kẹta

"Kí òjò tó rọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ gbàṣẹ!" Àkàndé fọwọ́ lu àyà láàárín oko rẹ̀ l'Ósì-Èkìtì. "Ọdún méjìdínlógún gbáko, èmi ni mo ń kọ́kọ́ gbé àgbàdo tuntun wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló fẹ́ gba ipò yẹn lọ́wọ́ mi?"

Ẹlúyẹmí, tí oko wọn jọ pààlà, pàtẹ́wọ́. "Kò tíì sí ẹni náà!"

Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́bọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ni, yunifásítì tó wà ní Ìkọ̀lé ló ti kàwé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbìn. Àwọn tó ń ṣírò ojú ọjọ́ ní òjò máa rọ̀ lóṣù kẹta yìí, àmọ́ ó máa dá wáí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ní sùúrù di ìdajì oṣù kẹrin."

"Níbo ni wọ́n ti rí i?"

"Lójú òkun."

Àkàndé rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Òkun! Ẹlúyẹmí, ṣé o gbọ́? Kí ló kan òkun nínú uṣẹ́ mi?"

"Bàbá, ojú òkun ni atẹ́gùn ti ń gbé omi òjò wa wá. Bí òkun ṣe gbóná tàbí tutù sí wà lára ohun tó ń sọ ìgbà tí òjò máa fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti so ohun èlò kan mọ́lẹ̀ lójú òkun, ó léfòó síbẹ̀, ó ń wọn bí omi ṣe gbóná sí. Òmíràn wà tí wọn ò so rárá. Á rì lọ sísàlẹ̀ pátápátá, á máa bá omi lọ, tó bá di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, á léfòó padà, á ròyìn ohun tó rí fún sátẹ́láìtì."

"Ó rì, ó tún padà wá ròyìn!" Ẹlúyẹmí ké. "Ọmọ mi ọkùnrin tó lọ Èkó kò tíì ròyìn kankan!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ́bọ́lá gun ọ̀kadà rẹ̀. Kó tó dé títì, òjò dé! Ó rin ín gbingbin. Àkàndé ń jó nínú ẹrẹ̀. "Bá mi kí òkun o!"

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ náà. Àkàndé gbin àgbàdo funfun tí Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀. Oṣù kọkànlá èṣí ni Bọ́sẹ̀ kú. Ọdún gbọọrọ ló fi ń ṣa irúgbìn náà ní ṣíírí kọ̀ọ̀kan, tó ń so ó rọ̀ sókè ààrò. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà kankan. Ó hù, ewé rẹ̀ ń dán. Ẹlúyẹmí náà sáré gbin tirẹ̀.

Ni ojú ọ̀run bá le koko.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ewé àgbàdo ká jọ bí ẹní. Àkàndé ń fi garawa pọnmi lódò, ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ló ń bu díẹ̀ sí, títí odò náà fi gbẹ. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ó fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ rí bí òwú. Ọkùnrin tó ń jó nínú ẹrẹ̀ jókòó sínú eruku.

"Bọ́sẹ̀, má bínú," ló ń sọ. "Má bínú."

Nígbà tí Ọmọ́bọ́lá padà wá, òun àti Ẹlúyẹmí àti Èyítáyọ̀, àbúrò Bọ́sẹ̀, ló jọ bá a jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ọmọ́bọ́lá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n. Ẹ má fi òjò méjì mẹ́ta gbìn. Ẹ tẹ́tí sí ìkéde ojú ọjọ́ lórí rédíò, ẹ bi àwa òṣìṣẹ́ léèrè. Àwọn onímọ̀ náà lè ṣì í nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ má gbin gbogbo irúgbìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa pa ìdajì mọ́."

Èyítáyọ̀ fò dìde. "Ìdajì! Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbìn ín tán láéláé! Ó máa ń rọ ìdajì sí kẹ́ẹ̀gì, á fi eérú pò ó, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Ẹlúyẹmí ké halelúyà. Ọmọ́bọ́lá pàtẹ́wọ́. Èyítáyọ̀ ti ń sáré lọ sílé.

"Padà wá," ni Àkàndé wí. "Mo ti rí kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀. Mo gbìn ín mọ́ ti òkè ààrò."