Ẹni Tó Jí Ọkà Dókítà Salome

Wọ́n ti já ilẹ̀kùn ilé irúgbìn kí Dókítà Salome tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àpò ọkà bàbà rẹ̀ ti lọ. Ọkà tí ọ̀dá kì í pa ni. Láti ìgbà tó ti kúrò ní yunifásítì ló ti ń wá a, tó ń fi omi du ọ̀gbìn, tó ń ṣa èyí tí kò bá kú. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Òun àti Sájẹ́ǹtì Kàsímù, ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ náà, sáré lọ sí ọjà ọkà ní Kabawa, bóyá olè náà ti gbé e lọ tà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kà ibẹ̀ ní ọkùnrin aláṣọ funfun kan, tó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà Ọláníyì, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò lọ sí Agbaja ni. Wọ́n gbá tẹ̀ lé e. Mọ́tò ọlọ́pàá rì sínú kòtò lójú ọ̀nà, ni wọ́n bá gun ọ̀kadà.

Wọ́n bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan han àwọn àgbẹ̀ pé ọ̀dá kì í pa á, ó sì ń gbowó irúgbìn lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ ṣì dúró ná,” Salome sọ fún Kàsímù. Ó lọ jókòó láàárín àwọn obìnrin.

“Okun o, Dókítà,” Salome kí i bí ará ibẹ̀ ṣe ń kíni. “Kí lẹ fi sọ ọkà yìí di alágbára?”

“Omi ni, màmá. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń bomi rin ín.”

“Tí òjò bá wá kọ̀, ta ni yóò máa bomi rin ín fún wa?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọláníyì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó sápò.

Salome dìde. “Ọ̀dá ni mo fi tọ́ ọkà yìí. Èmi ni mo ni ín!”

Ọláníyì bẹ́ lugbó. Aṣọ funfun rẹ̀ há mọ́ igi ọgbà, Kàsímù sì gbá a mú.

“Ta ló rán ọ?”

“Ebi ni, ọ̀gá.”

“Ṣé ebi ló wọ aṣọ dókítà sí ọ lọ́rùn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Mo tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣàbẹ̀wò wọ ilé irúgbìn lọ́jọ́ kan, mo sì rí i pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà kò lágbára. Èmi ni mo já a.”

“Àpò ọ̀hún dà?”

“Ó wà lẹ́yìn igi. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni mo tíì bù níbẹ̀.”

Salome ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kàsímù gba owó àwọn àgbẹ̀ padà fún wọn, ó sì fa olè náà lọ.

Màmá Adéòkè, àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ sanwó fún olè náà, di Salome lápá mú.

“Dókítà, ẹ má tíì lọ. Ó ti kọ́ wa nírọ́ tán. Òótọ́ ló kù.”

Salome jókòó, ó bu ọkà sí àtẹ́lẹwọ́, gbogbo wọn sì sún mọ́ ọn.