Làǹtànà Ilé Barakatullahi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dán làǹtànà, ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ pupa ilé Barakatullahi, wò, ní ṣọ́ọ̀bù Ṣàmsídéènì tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní àdúgbò New Bell ní Douala.

Ìran oníṣẹ́ òkúta ni ìdílé Ṣàmsídéènì. Ní Ìlọrin àtijọ́, àwọn baba wọn a fọ́ òkúta pupa, wọn a dá ihò sí i, wọn a máa fi omi ha á lórí àpáta títí yóò fi dán, kí ó tó dé ọrùn ọba. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì òyìnbó ló pa iṣẹ́ náà. Barakatullahi, baba ńlá wọn, kó ẹrù wá sí Douala pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo yìí, èyí tí gbogbo ìyàwó ilé náà fi ṣe ìgbéyàwó. A kì í dán an wò. Ẹni tó bá dán an wò ti pe baba rẹ̀ ní òpùrọ́.

Àmọ́ Aurélien, tó ń ṣe àfihàn òkúta ní àdúgbò Bonanjo, fẹ́ gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ baba náà.

“Papa Ṣàmsí, ìyá kan ló bí àwọn òkúta ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí, kúọ́tísì,” ló wí. “Aláwọ̀ àlùkò ni ametisti. Pupa tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni kọníláánì, èyí tí kò gbà á ni jásípérì. Gbogbo wọn ló ń ha gíláàsì. Ẹ jẹ́ ká dán an wò, mi ò lè kọ̀wé pé òkúta ni lásán.”

“Ṣàmsí, gbé e padà,” ni Ràhmọ̀t, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ bàbá máa dé Bonanjo lónìí.”

Ṣàmsídéènì fa ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí gíláàsì fèrèsé tí Aurélien mú wá. Ó yọ̀ lọ, kò ha á rárá. Ó mú òmíràn. Ó dán gbogbo ogójì tó wà lórí ẹ̀wọ̀n náà wò, kò sí ọ̀kan tó fi àpá sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ojú ti Ṣàmsídéènì débi pé kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Aurélien ní kò burú, òun á fi ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀ fún wọn.

Ṣàmsídéènì wo ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà ilẹ̀ Ṣáínà tó so kọ́ káàkiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun náà kò ta òkúta rí. Ohun tí ọjà ń rà ló fi ń bọ́ ọmọ.

“Gbé e lọ,” ló wí. “Kọ ọ́ pé gíláàsì ni. Kọ ọ́ pé Barakatullahi, oníṣẹ́ làǹtànà láti Ìlọrin, ló sín in, nígbà tí òkúta kò bọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.”

“Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́,” ni Ràhmọ̀t wí. Ó gba ẹ̀wọ̀n náà, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún láti etí kan dé èkejì, ó sì gbé e fún Aurélien.