Oníbúrọ́ọ̀ṣì Tí Ó Mọ Gbogbo Orúkọ Ìsọjí

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ sára pátákó àti aṣọ. Oníbúrọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe ìpàdé ìsọjí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ti wá kọ àkọlé.

Bí àwọn kan bá ní ìjọ kejì ti lo "ìsọjí" ṣáájú àwọn, a rẹ́rìn-ín, a sì ṣàlàyé fún wọn bí olùkọ́: "Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ò wọ́n lọ́wọ́ mi. Ẹni tó dákú tó tún mí, ìsọjí nìyẹn. Ohun tó gbó tó di titun, ẹ pè é ní ìsọdọ̀tun. Ẹni tó sùn tójú ẹ̀ là, ìtají ni tiẹ̀. Ẹni tó ṣáko lọ tí wọ́n mú padà sáyè ẹ̀, ìmúbọ̀sípò ni. Èwo ni kí n bá yín kọ?"

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun kì í dúró gbọ́ ìwàásù kankan. Bí ó bá ti so àkọlé kọ́ tán, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ní ìwà kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Pátákó àlòkù ni ó máa ń kó jọ. Yóò fi ọ̀dà funfun bo ọ̀rọ̀ àtijọ́ mọ́lẹ̀, yóò kọ òmíràn lé e, yóò sì tà á bí ẹni pé pátákó titun ni. Ọ̀dà ara ògiri inú ilé ni ó sì ń lò, èyí tí kò lè bá òjò jà. "Ìpàdé ráńpẹ́ ni," ni ó máa ń sọ lọ́kàn rẹ̀. "Ta ló máa mọ̀?"

Ìwọ òǹkàwé, ṣọ́ra fún ìbéèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ ọkàn ni ó ti bá a lọ.

Ní ìgbà kan, wọ́n ń gbẹ́ kòtò omi ẹ̀rọ sí òpópónà kan. Ọ̀gá àwọn tí ó ń gbẹ́ ẹ ní kí ó kọ pátákó ìkìlọ̀: EWU! KÒTÒ JÍJÌN! Oníbúrọ́ọ̀ṣì wo inú ìsọ̀ rẹ̀, ó rí pátákó kan tí ó ti fi júwe ọ̀nà fún ìjọ kan nígbà kan rí: ÌSỌJÍ! Ẹ YÀ SÍBÍ! Ọfà ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi funfun bò ó, ó kọ ìkìlọ̀ lé e, wọ́n sì rì í mọ́ ẹ̀bá kòtò. Bàbá ọlọ́dẹ kan ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀.

Òjò ńlá rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá ọlọ́dẹ sì sá wọ yàrá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni òjò tó dá, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Oníbúrọ́ọ̀ṣì gbọ́ igbe láti inú ìsọ̀ rẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, ó sáré síta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà, ẹni tí ó ti ń pè é wá sọ́dọ̀ Jésù tipẹ́, ni ó ti jìn sí kòtò.

Bí àwọn ènìyàn ti ń fa káfíńtà jáde, ojú Oníbúrọ́ọ̀ṣì lọ sára pátákó. Òjò ti fọ funfun lọ, ìkìlọ̀ sì ti bá a lọ. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ÌSỌJÍ! Ẹ YÀ SÍBÍ! Ọfà náà sì kọjú tààrà sí inú kòtò.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tí ó ń wo òun. Ó fa pátákó náà yọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sì lọ gbé e pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, wọ́n wá pátákó tì. "Baba, ẹ ti fi pátákó wa dáná, àbí?" ni ọ̀gá bi bàbá ọlọ́dẹ. Bàbá náà búra títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ kó kúrò nínú yàrá tí wọ́n fún wọn, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Oníbúrọ́ọ̀ṣì gbọ́, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọbẹ̀ ni kò dùn, àbí èmi ni mo ṣẹ̀ yín?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Ó ní inú ni ó ń run òun. Ìjọ kan gbé iṣẹ́ wá, ó kọ lẹ́tà díẹ̀ nínú ìsọjí, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, kò sì lè kọ ìyókù. Ẹ̀bi ti jókòó sí i láyà bí òkúta.

Ó ra ọsàn, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ káfíńtà láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni káfíńtà wí, "wọ́n ní ìsọkúsọ ni mò ń sọ. Mo rí pátákó kan tó ní ká yà síbẹ̀. Ìsọjí ni mo kà o. Mo ní, ó dáa, wọ́n ń ṣèpàdé níbí, ẹ jẹ́ n yà. Wọ́n ní ìkìlọ̀ ló wà lára pátákó ibẹ̀, pé bàbá ọlọ́dẹ ló sì fi í dáná. Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

Oníbúrọ́ọ̀ṣì ń bó ọsàn, kò lè gbójú sókè. "Sinmi jàre. Tó o bá ti gbádùn, mo máa bá ẹ lọ sí ìsọjí tó bá kàn."

"Mi ò pè ẹ́ sí ìpàdé," ni káfíńtà dáhùn. "Ìsọjí, ìsọdọ̀tun, ìtají, kò sí èyí tí o ò mọ̀ ọ́n kọ níbẹ̀. Èwo ló ti ṣẹlẹ̀ sí ìwọ fúnra ẹ? Jésù ni mo ní kó o wá bá."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ Oníbúrọ́ọ̀ṣì. "Orí ẹ ò dàrú. Èmi ni. Èmi ni mo kọ pátákó yẹn, èmi náà ni mo gbé e pamọ́." Ẹkún kò jẹ́ kí ó sọ ìyókù já gaara.

Káfíńtà kọjú sí ògiri. "Ó dùn mí. Má rò pé kò dùn mí. Àmọ́ Ẹni tó dárí jì mí ò ní jẹ́ kí n dì ẹ́ sínú." Ó tún yíjú padà. "Bàbá ọlọ́dẹ wá ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni ó mú Oníbúrọ́ọ̀ṣì kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Olúwa Jésù, mo ti pa ọ̀rẹ́ mi lára, mo sì di ẹ̀bi mi ru aláìṣẹ̀. Mi ò ní àwáwí. Ṣàánú mi. Sọ mí di ẹni titun." Ẹni tí ó ru ẹ̀bi gbogbo wa lórí igi àgbélébùú gbọ́ ọ. Nígbà tí ó dìde, òkúta àyà rẹ̀ ti yí kúrò.

Ó gbé pátákó náà lérí ní ọ̀sán gangan, ó sì gba àárín òpópónà kọjá. Nígbà tí ó dé ibi kòtò, ìyàwó ọlọ́dẹ ti ń so ẹrù wọn. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, lójú ọ̀gá àti gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì jẹ́wọ́.

"O jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè lójú ìyàwó mi," ni bàbá náà wí. Ọ̀gá bẹ bàbá náà pé kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹrù, ó sunkún dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

N kò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n mú Oníbúrọ́ọ̀ṣì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Káfíńtà ń tiro títí di òní, Oníbúrọ́ọ̀ṣì ni ó sì ń bá a gé pákó láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń sùn, kò sì sá fún ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o mọ orin ìjọ lórí, o sì mọ ìgbà tí a ń ṣe àmín. N kò bi ọ́ ní ìyẹn. Ta ni ó ń jìyà ohun tí o ṣe? Ta ni o wò níran nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kàn án?

Má ṣe dúró de ìpàdé kankan. Ibi tí o jókòó sí yìí tó. Pe Jésù nísinsìnyí, sọ òtítọ́ fún Un, kò ní lé ọ. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o sì lọ bá ẹni náà lónìí. Ó lè jẹ́ pé ó ti ń di ẹrù rẹ̀.